Kí ni kí n yọ kúrò nínú àkójọ iṣẹ́ mi kí n tó fi línkì rẹ̀ ránṣẹ́?

ỌmọÌdéná, Àjàṣẹ́

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Kétu ní Benin ni mí, Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo ni mo ti ń kọ́ iṣẹ́ gírááfíìkì, ọdún kẹta mi sì rèé. Lẹ́yìn ìsinmi mo gbọ́dọ̀ rí ibi tí màá ti ṣe stage, ìyẹn ìkọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́fà, kí wọ́n tó fún mi níwèé ẹ̀rí. Gbogbo ibi tí mo kọ̀wé sí ní Kútọnù, èsì kan náà ni wọ́n ń fún mi: fi línkì iṣẹ́ rẹ ránṣẹ́. Èmi ò ní línkì. Fáìlì PDF kan ni mo ní, ó sì wúwo débi pé bí mo bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹni tó yẹ kó ṣí i á ti sùn lọ kó tó wọlé.

Láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni mo ti ń kọ́ sáìtì náà. Alẹ́ ni mo ń ṣe é, torí ọ̀sán ni mo ń bá ìyá mi dúró ti aṣọ ní ọjà Ouando, pàápàá bó bá jẹ́ ọjọ́ ọjà. Kọ̀ǹpútà ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mo ń lò, bọ́tìnì “e” ti yọ lára rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ẹni tó fẹ́ kọ Yorùbá láìsí “e”.

Iṣẹ́ mẹ́rìnlá ni mo ti kó jọ. Kí n má purọ́, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní oníbàárà. Lógò ilé kọfí kan wà níbẹ̀, Paris ni mo ní ó wà, èmi tí mi ò kọjá ibodè Sèmè rí. Ilé iṣẹ́ bàtà ńlá kan wà níbẹ̀ tí mo ṣe ojú tuntun fún, àwọn oníbàtà náà ò sì mọ̀ pé mo wà láyé. Áàpù kan wà tí èèyàn lè fi pàṣẹ oúnjẹ. Fídíò orí YouTube ni mo tẹ̀ lé láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, àwọ̀ nìkan ni mo pààrọ̀. Ìgò bíà kan sì wà tí mo ya orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ sí. Bíà náà ò sí lọ́jà o, èmi ni mo pilẹ̀ rẹ̀. Òun ni àwọn ẹlẹgbẹ́ mi fẹ́ràn jù.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ mẹ́ta ló ń yọ mí lẹ́nu. Lọ́dún tó kọjá mo ṣe stage oṣù méjì ní ilé ìtẹ̀wé kan, mi ò ní dárúkọ wọn. Bâche, ìyẹn báńà, ni mo ń ṣe láti àárọ̀ dalẹ́: ìsìnkú, ìgbéyàwó, ìkómọjáde, ìpàdé ẹgbẹ́ akọrin. Wọ́n lé ní ogójì. Ọjọ́ tí mo ń lọ, ọ̀gá ní fáìlì kankan ò gbọdọ̀ bá mi jáde, pé òun ló ni wọ́n. Owó ọ̀kadà zém nìkan ló fún mi fún oṣù méjèèjì. Ohun tí mo ní lọ́wọ́ ni fọ́tò tí mo fi fóònù yà nígbà tí wọ́n ti gbé àwọn bâche náà kọ́ sójú pópó. Ṣé mo lè fi wọ́n hàn?

Lẹ́yìn ìyẹn, ní oṣù kejì, mo rìn káàkiri Àjàṣẹ́, mo ń ya ògiri ilé àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ìdílé tó ti Brazil padà wálé láyé àtijọ́, ní fọ́tò: òdòdó tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì mọ sókè fèrèsé, ọ̀dà tó ti ń ṣí bíi èèpo àlùbọ́sà, àti Mọ́ṣáláṣí Ńlá tí àjèjì máa ń pè ní ṣọ́ọ̀ṣì títí wọ́n á fi gbọ́ ìrun. Mo yọ àwọ̀ méjìlá jáde lára àwọn fọ́tò yẹn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn òdòdó náà ya lẹ́tà, A dé D. Ibẹ̀ ló dúró sí.

Ẹ̀kẹta ni ìtìjú mi. Àǹtí mi ní Sábẹ̀ẹ́ ń yan kajú, etí títì Parakou ló ti ń tà á fún àwọn èrò bọ́ọ̀sì. Ó ní kí n ṣe ìwé tí òun máa lẹ̀ mọ́ ara ọ̀rá. Mo kọ KAJÚ ÒKÈ SÁBẸ̀Ẹ́, mo kọ “A yan án, a ò dín in” sísàlẹ̀, mo ya àwọn òkè yẹn sẹ́yìn pẹ̀lú oòrùn aláwọ̀ mẹ́rin. Mo ní kí àwọn atẹ̀wé tẹ 300. Nígbà tí mo lọ gbà á, KAJÚ ÒKÈ SÁB ni mo rí, àpótí òfìfo kéékèèké sì jókòó síbi tí Ẹ̀ àti Ẹ́ yẹ kó wà. Kọ̀ǹpútà wọn ò ní irú lẹ́tà tí mo lò. Sẹ́fà 15.000 ti lọ. Ẹ mọ̀ pé “police” ni Faransé ń pe irú lẹ́tà, nígbà tí mo dé ilé tí mo ní police ló ba iṣẹ́ mi jẹ́, ìyá mi ní, “Kí lo jí?”

Owó tó kù ò tó nǹkan. Mo fi ọwọ́ ya lẹ́tà náà látòkèdélẹ̀, mo fi ìlà kan ṣoṣo ya òkè, a sì fi dúdú nìkan tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé kan tó pọ́n rúsúrúsú bí ilẹ̀. Àǹtí mi ní awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan máa ń béèrè “èyí tó lókè lára” báyìí. Ṣùgbọ́n kò dán. Bí mo bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò bíà yẹn, àfi bíi pé ọmọdé ló ṣe é. Mo ti tì í sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

Kí ni kí n yọ, kí ni kí n fi sílẹ̀? Ṣé Behance, sáìtì tí àwọn oníṣẹ́ ọnà ń kó iṣẹ́ wọn sí, ni kí n lò ni, àbí kí n ní ojúlé tèmi? Èdè wo ni kí n fi kọ ọ́? Ẹ má ṣàánú mi o.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́ àti Kútọnù

Àbúrò, o ní ká má ṣàánú rẹ. Ó dáa.

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń fi iṣẹ́ yìí jẹun. Ọdọọdún ni mo ń gba ọmọ stage, èmi fúnra mi ni mo sì ń ṣí línkì wọn. Lọ́jọ́ kan mo ṣí mọ́kànlá, ilé kọfí wà nínú mẹ́jọ. Ní ìlú tí ògì gbígbóná ti ń pa wá lẹ́kún láàárọ̀! Gbogbo ife kọfí yẹn, orí tábìlì kan náà ló wà, òjìji kan náà ló ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, torí àwòrán ife òfìfo kan náà tí wọ́n ń pín lọ́fẹ̀ẹ́ ni gbogbo yín gbé lógò lé.

Yọ kọfí. Yọ bàtà. Áàpù yẹn ni kó o kọ́kọ́ yọ, àní lálẹ́ òní. Ẹni tó bá ti rí fídíò náà á dá a mọ̀, láti ìgbà náà lọ kò ní gbà pé ìwọ lo ṣe èyí tó kù. Kì í ṣe pé iṣẹ́ tí kò ní oníbàárà burú o. Ta ni oníbàárà ilé Àgùdà rẹ? Kò sí. Ṣùgbọ́n ìwọ lo fẹsẹ̀ rẹ rìn débẹ̀, ojú rẹ lo fi wò ó. Sá ti kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé iṣẹ́ tí o gbé fún ara rẹ ni, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìjọba ìlú ló bẹ̀ ọ́.

Ó dọwọ́ kajú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ibẹ̀ yẹn, mo sì pe ọkọ mi kó wá kà á. O tì í sí ìsàlẹ̀ pátápátá? Òun ni kó o gbé síwájú. Jẹ́ kí n sọ ohun tí èmi tí mò ń gba èèyàn síṣẹ́ rí nínú rẹ̀. Ẹnì kan wà tó nílò nǹkan, owó ò pọ̀, nǹkan bàjẹ́, o wá ìdí rẹ̀ rí, o tún un ṣe pẹ̀lú ìwọ̀nba tó kù, awakọ̀ kan tí kò mọ̀ ọ́ rí sì ń fi ohun tí o yà pe ọjà náà. Àwọ̀ mẹ́rin ò jẹ́ kí àwọn èrò rí òkè, ìlà kan jẹ́ kí wọ́n rí i. Ọmọ stage tó ti ba 300 jẹ́ rí, tó sì mọ ohun tó bà á jẹ́, kò ní ba 3.000 tèmi jẹ́.

Báyìí ni màá ṣe tò ó bó bá jẹ́ èmi. Àwòrán kìíní: ọ̀rá kajú náà lọ́wọ́ ẹnì kan létí títì, ní ọ̀sán, kì í ṣe lórí ilẹ̀ funfun tí kò sí láyé. Èkejì: ìwé tó bàjẹ́ yẹn, tòun ti àpótí òfìfo rẹ̀. Má fi pamọ́. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé tí o fi ọwọ́ ya lẹ́tà sí, kódà bí epo bá kán sí i. Kó o wá gbé èyí tó jáde kẹ́yìn síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju gbólóhùn mẹ́fà lọ: ta ló ni ín, kí ló fẹ́, kí ló dí ọ lọ́wọ́, kí lo ṣe, kí ló tẹ̀yìn rẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ awakọ̀ yẹn ni kó o fi parí rẹ̀, bó ṣe sọ ọ́ gan-an ni kó o kọ ọ́.

Ilé Àgùdà kò tíì tó gbé síta. Lẹ́tà mẹ́rin tí wọn ò sọ ọ̀rọ̀ kankan, kí ni kí n fi ṣe? Ya orúkọ ìlú. ÀJÀṢẸ́. A ti wà lọ́wọ́ rẹ, J àti Ṣ àti Ẹ ló kù. Bí o bá mọ bí òdòdó sìmẹ́ńtì ṣe máa gba àmì sísàlẹ̀ àti àmì sókè lẹ́ẹ̀kan náà, màá mọ̀ pé o lè ya lẹ́tà.

Ti bâche ńkọ́? Mi ò kì í ṣe lọ́yà, ṣùgbọ́n ohun tí àwa máa ń ṣe ni pé a máa ń béèrè. Kọ̀wé sí ọ̀gá yẹn lórí WhatsApp pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ní o fẹ́ fi fọ́tò méjì tàbí mẹ́ta hàn, pé wàá kọ orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ sábẹ́ wọn. Bó bá kọ̀, kọ gbólóhùn kan: oṣù méjì ní ilé ìtẹ̀wé, bâche tó lé ní ogójì. Ìyẹn náà ń sọ̀rọ̀. Bó bá gbà, má fi ti ìsìnkú síbẹ̀. Òkú olókùú kì í ṣe ohun tí a fi ń wá iṣẹ́. Sọ ohun tí ìwọ ṣe àti ohun tí ìwọ ò ṣe. Bí ẹlòmíràn bá ló ya fọ́tò ìyàwó, sọ bẹ́ẹ̀. Kó o sì jẹ́ ká mọ̀ pé o ti dé ìdí ẹ̀rọ: pé o máa ń fi mìlímítà mẹ́ta sílẹ̀ yíká fún ọ̀bẹ, pé o mọ̀ pé àwọ̀ ọsàn tó ń tàn lójú kọ̀ǹpútà kì í jáde bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá fi CMYK, àwọ̀ mẹ́rin ìtẹ̀wé, tẹ̀ ẹ́. Àwọn tó ń jáde ilé ìwé láìmọ ìyẹn pọ̀, èmi ni mo ń san owó rẹ̀.

Iṣẹ́ márùn-ún tó. Mẹ́fà bí ọwọ́ bá dùn ọ́. Faransé ni kó o fi kọ ọ́, torí òun ni àwọn tó máa gbà ọ́ ní Kútọnù ń kà, kó o sì ní ojú ìwé kan lédè Gẹ̀ẹ́sì bí o bá ń wo ọ̀nà Èkó. Ṣùgbọ́n má túmọ̀ Yorùbá tó wà lára iṣẹ́ náà, ṣàlàyé rẹ̀ sábẹ́ ni. Lókè pátápátá, kọ orúkọ rẹ, iṣẹ́ rẹ, ìlú rẹ, àti pé stage lo ń wá láti oṣù báyìí-báyìí. Mo bẹ̀ ọ́, má kọ “Bienvenue dans mon univers”, ẹ káàbọ̀ sínú ayé mi. Gbogbo yín lẹ ní univers.

Alámẹ́gà, Sábẹ̀ẹ́

Ẹ kú ìjókòó o. Kajú yẹn, bó bá jẹ́ ti ìyá kan tó máa ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò ni, mo ti jẹ ẹ́. Ó dùn. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ díẹ̀.

Ìyá Ìbejì ti sọ ti iṣẹ́, ẹ jẹ́ kí èmi tí mò ń kọ́ sáìtì sọ ti ìwúwo. Fọ́tò kan tí fóònù ìsinsìnyí bá yà lè tó mẹ́gà mẹ́rin tàbí márùn-ún. Gbé ogún síbẹ̀, ó di ọgọ́rùn-ún mẹ́gà. Ẹni tó máa gbà ọ́ síṣẹ́ lè wà nínú bọ́ọ̀sì lójú ọ̀nà Kútọnù, forfait rẹ̀, ìyẹn dátà, ti ń tán lọ, ìwọ ń sọ fún un pé kó fi ọgọ́rùn-ún mẹ́gà wo ògiri. Dín ìbú fọ́tò kọ̀ọ̀kan kù sí píksẹ́lì 1.600, fi pamọ́ ní WebP tàbí JPEG, má jẹ́ kí ọ̀kan kọjá kílóbáìtì 300. Lẹ́yìn náà gba fóònù ìyá rẹ, kì í ṣe tìrẹ, pa Wi-Fi, kó o ṣí i láàárín ọjà. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ni òótọ́.

Behance tàbí ojúlé tìrẹ? Méjèèjì. Ọ̀fẹ́ ni Behance, Adobe ló rà á ní 2012, àwọn èèyàn sì máa ń wá oníṣẹ́ ọnà lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n yàrá àyágbé ni, o ò lè lu fèrèsé sí i. Fún tìrẹ, GitHub Pages, ibi tí o lè gbé sáìtì sí, ò gba kọ́bọ̀, ó fún ọ láyè tó gígábáìtì kan, tí iṣẹ́ márùn-ún ò lè kún láé. Github.io á wà nínú àdírẹ́sì rẹ, kò bu ẹnikẹ́ni kù. Orúkọ tó jẹ́ tìrẹ gan-an, bíi èyí tó parí sí .bj ti Benin, o lè rà á nígbà tí owó bá dé, ṣùgbọ́n rántí pé ọdọọdún ni wọ́n ń san án. Mo mọ ẹnì kan tó gbàgbé: línkì kú, ó sì wà lórí CV rẹ̀ ní gbogbo ibi tó kọ̀wé sí.

Wàyí o, àpótí òfìfo rẹ. Police ọmọlúàbí ni o nílò. Kọ̀ǹpútà mọ ẹ, ọ àti ṣ gẹ́gẹ́ bíi lẹ́tà kan ṣoṣo. Ṣùgbọ́n bí o bá ti gbé ohùn lé ẹ tàbí ọ, nǹkan méjì ló di lójú rẹ̀: lẹ́tà náà, àti àmì kan tó ń tọ̀ ọ́ lẹ́yìn. É lásán ní ilé tirẹ̀, torí àwọn Faransé ń lò ó. Ẹ́ kò ní ilé, ńṣe ló ń gun ẹlòmíràn lẹ́yìn. Irú lẹ́tà tí wọn ò bá kọ́ bí a ṣe ń pọ̀n, á jẹ́ kí àmì náà já bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó yọ àpótí. Ìṣòro yìí kan náà ló wà lára ɛ àti ɔ tí àwa ń kọ́ nílé ìwé níhìn-ín bí o bá ti gbé ohùn lé wọn. Noto Sans ń pọ̀n dáadáa, Gentium àti Charis náà, ọ̀fẹ́ sì ni gbogbo wọn. Kó o tó yan èyíkéyìí, kọ Ọ̀ṢỌ́ àti Ẹ̀ṢẸ́ sí i ní lẹ́tà ńlá, kó o wo ibi tí àmì bá balẹ̀ sí. Bó bá sì jẹ́ ilé ìtẹ̀wé ló ń lọ, sọ gbogbo lẹ́tà di àwòrán kí fáìlì tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, wọn ò ní lè pa á dà mọ́.

Ohun méjì kékeré. Fọ́tò fóònù a máa gbé ibi tí a ti yà á pamọ́ sínú ara rẹ̀. Yọ ọ́ kúrò nínú ti ilé àǹtí rẹ. Bí nọ́ńbà rẹ̀ bá sì wà lára ọ̀rá, pa á rẹ́ nínú àwòrán kó o tó gbé e síta.

Kòsíyọnu, Ìpọ̀bẹ́

Gbogbo èyí ti pọ̀ jù. Èmi ò ní sáìtì kankan. Canva ni mo ń lò, status WhatsApp ni mo fi ń polówó, oníbàárà ń wá lójoojúmọ́. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà lọ wá owó.

Ìyá Ìbejì, Àjàṣẹ́ àti Kútọnù

@Kòsíyọnu, oníbàárà lo ń wá, ọ̀gá lòun ń wá. Oníbàárà ń wo ohun tí o tà lánàá. Ọ̀gá ń wo ohun tí wàá bà jẹ́ lọ́la.

Bàbá Agbẹ́gilére, Kétu

Ọmọ mi, mo kí ọ. Ọmọ mi ló ń bá mi tẹ èyí sórí fóònù, bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, tirẹ̀ ni.

Orúkọ tí o fi síbí ló mú mi dúró. Àkàbà Ìdéná, ẹnu ibodè Kétu ni. Ẹni tó bá fi ibodè jẹ́ orúkọ yẹ kó mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ohun tó bá dé ni a ń ṣílẹ̀kùn fún. Ta ló jẹ́ kí ìgò bíà kọjá?

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe òdòdó tí a ń já lẹ́bàá ọ̀nà. Àwọn ìyá wa ni a ń ṣe é fún, òun ni a fi ń tù wọ́n lójú. Ẹ̀fẹ̀ á jáde lóru, á kọrin, á bá ìlú wí, á bú ẹni tó yẹ ní bíbú; bí ilẹ̀ bá mọ́, àwọn tó kù á jó lọ́sàn-án. UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní 2008. Ó dáa, a dúpẹ́. A ti mọ̀ kí wọ́n tó kọ ọ́.

Má ṣì mí gbọ́ o. N kò ní kí o má yà á. Èmi fúnra mi ti gbẹ́ ọ̀kadà sórí igi, mo ti gbẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ, bàbá mi gbẹ́ ọkọ̀ òfuurufú. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í sá fún ohun tuntun. Ohun tí mo ń bi ọ́ ni pé orí ta ni o yà? Ṣé o rí i nígbà tó ń jó, àbí inú fọ́tò ilé àwọn òyìnbó lo ti yọ ọ́? Mo bi ọ́ nítorí ẹ̀yin ọmọ kọ̀ǹpútà a máa yà á bíi pé iwájú ojú ni a ń so ó mọ́. Orí ni a ń gbé e lé, ọmọ mi. Aṣọ ló bo ojú. Ẹni tó bá jó nínú rẹ̀ ń wò láti inú aṣọ, ère ń wòkè. Bí ìgò tìrẹ bá ní ihò ojú tí èèyàn fi ń wòran, mo mọ̀ pé o kò tíì dúró tì í.

Fi bíà sílẹ̀. Bí o bá wálé, wá jókòó tì mí fún ọjọ́ mẹ́ta. Ya igi nígbà tó ṣì jẹ́ igi, ya á nígbà tí etí bá yọ, ya ọwọ́ tó mú àáké. Ìyẹn ni kí o gbé fún àwọn ará Kútọnù. Mú iṣu dání, ìyàwó mi ò fẹ́ràn àlejò ọlọ́wọ́ òfìfo.

ỌmọÌdéná, Àjàṣẹ́ (ọjọ́ kẹrìndínlógún lẹ́yìn náà)

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, Bàbá, mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ má bínú pé mo pẹ́, ọjà aṣọ ọdún ló gbà mí.

Kọfí ti lọ, bàtà ti lọ, áàpù ni mo kọ́kọ́ pa bí Ìyá Ìbejì ṣe wí. Nígbà tí mo yọ ìgò bíà, ìyá mi tó ti rí i láti oṣù mélòó kan láìsọ nǹkan wá ní, “Ó pẹ́.” Bàbá, ìparí oṣù ni mò ń bọ̀. Òótọ́ lẹ sọ, ihò ojú wà níbẹ̀. Ìwé àpilẹ̀kọ kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo ti wò ó yà.

Mo kọ̀wé sí ọ̀gá ilé ìtẹ̀wé. Àtàǹpàkò kan ṣoṣo ló fi dá mi lóhùn. Mo wò ó títí, mi ò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni tàbí “mo ti rí i”. Mo tún kọ: “Ṣé ẹ gbà, ọ̀gá?” Ó ní òun gbà, kí n sá kọ orúkọ ilé iṣẹ́ òun dáadáa. Bâche méjì ló wọlé, ìgbéyàwó kan àti ti ẹgbẹ́ akọrin.

ÀJÀṢẸ́ gbà mí ní òru márùn-ún. Òdòdó kò fẹ́ gba àmì rárá, ibikíbi tí mo bá fi kókó sísàlẹ̀ Ṣ sí, á dà bíi pé sìmẹ́ńtì ló bọ́. Lọ́jọ́ kejì mo padà lọ sí ilé kan tí kò jìnnà sí Mọ́ṣáláṣí Ńlá, mo rí ihò atẹ́gùn róbótó tí wọ́n dá sí ìsàlẹ̀ ògiri rẹ̀. Ihò yẹn ni mo fi ṣe kókó sábẹ́ Ṣ àti Ẹ. Igun òrùlé ni mo fi ṣe àmì òkè. Mi ò tíì fẹ́ràn J náà, ṣùgbọ́n ẹ lè wò ó.

Ẹ̀gbọ́n Alámẹ́gà, mẹ́gà 112 ni gbogbo rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ti di mẹ́rin. Mo ṣí i lórí fóònù ìyá mi ní Ouando, ó sì jáde tán kí oníbàárà kan tó ná aṣọ léèkejì. Noto Sans ni mo lò. Ẹ̀ṢẸ́ dúró ṣinṣin.

Ibi mẹ́ta ni mo fi línkì ránṣẹ́ sí. Méjì ò tíì fèsì. Ẹ̀kẹta pè mí ní Ọjọ́bọ̀, obìnrin ni, kò bi mí nípa ilé ìwé, kò bi mí nípa software. Ó ní, “Àwọn àpótí wọ̀nyí, kí ló dé?” Àpótí nìkan la fi ogún ìṣẹ́jú sọ. Ọjọ́ Ajé ló ní kí n wá.

Ìṣòro kan ló kù. Àǹtí mi ti rí sáìtì náà, ọmọ rẹ̀ ló ṣí i fún un. Ó ní èé ṣe tí mo fi pa nọ́ńbà òun rẹ́, ta ni oníbàárà máa wá pè? Ó sì ní kí n yọ àwòrán ìwé tó bàjẹ́ yẹn lónìí, torí ẹni tó bá rí àpótí lára ọ̀rá á rò pé kajú inú rẹ̀ ni kò pé. Mo ti ṣàlàyé títí, kò gbọ́. Kí ni kí n sọ fún un?

Alámẹ́gà, Sábẹ̀ẹ́

Ní kó fi ọ̀rá méjì pamọ́ dè mí. Màá yà lọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́la, màá bá a sọ̀rọ̀. Ní kó dín iyọ̀ kù.